Kóòtù Baba Àlejò

Baba Àlejò ni orúkọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó ní ilé ìfọṣọ kan, gbogbo àwa tí a ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì wá láti ilẹ̀ òkèèrè. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó kó wa jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹ̀rọ, ó ní ẹni tó bá tún pe òun ní ọ̀gá, onítọ̀hún bú òun ni. Baba ni kí a máa pe òun, nítorí òun ni baba gbogbo àlejò. Mo ní ọmọ tó jù ú lọ. Mo pè é ní Baba.

Ó fẹ́ràn ìyìn bí eṣinṣin ṣe fẹ́ràn egbò. Bí kò bá rí ẹni yìn ín, á yin ara rẹ̀. Á dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá tí mo ti ń lọ aṣọ, á fọwọ́ lu ikùn, á ké pé:

"Baba Àlejò! Agbòjò ọmọ ọlọ́mọ! Ibùsùn arìnrìn-àjò! Ògiri tí àlejò ń fẹ̀yìn tì!"

Àwa á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Baba."

Òpó á wá fi tirẹ̀ kún un lábẹ́lẹ̀ pé, "Agbòjò tó ń jò." Òpó ni ọkùnrin tó ń sá aṣọ sórí okùn. Ó ga tó bẹ́ẹ̀ tí kò nílò àkàbà.

Ọjọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa kọ́kọ́ débẹ̀ ni Baba Àlejò ti gba ìwé ìrìnnà rẹ̀, ìyẹn ìwé tí ènìyàn fi ń kọjá láti ilẹ̀ kan sí òmíràn. Ó ní òun fẹ́ bá wa tọ́jú rẹ̀ ni. Ó kó wọn sínú àpótí irin tó wà lẹ́yìn àga rẹ̀, ó tì í pa, ó sì gbé àwòrán ara rẹ̀ kọ́ sára ilẹ̀kùn àpótí náà. Nínú àwòrán yẹn, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ẹni tí ìwé rẹ̀ wà nínú àpótí ẹlòmíràn kì í fi ìbínú kúrò níbi iṣẹ́. Kì í ṣàìsàn púpọ̀. Kì í béèrè ìsinmi. Baba Àlejò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwa náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Tí a bá béèrè ìwé wa, òwe ló fi ń dá wa lóhùn.

"Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò tó bá di ìwé ara rẹ̀ mú, ewúrẹ́ ní í jẹ ẹ́."

Ẹlẹ́rọ, tó ń bójú tó àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ, bi í pé, "Ṣé ìwé ni ewúrẹ́ máa jẹ ni, Baba, àbí àlejò?"

"Méjèèjì."

"Àgbà wo ló pa òwe yẹn?"

"Èmi."

Ẹni tí ọ̀rọ̀ ìwé yìí dùn jù nínú wa ni Ìyá Tábìlì. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Ó ń dúró sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń gba aṣọ lọ́wọ́ oníbàárà, òun ló ń tú aṣọ wò kó tó dé ọ̀dọ̀ Ẹlẹ́rọ. Ojú ìyá rẹ̀ ń fọ́ díẹ̀díẹ̀ nílé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti bá a ra ààyè nínú ọkọ̀ òfurufú, ọjọ́ Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù ni ọkọ̀ náà máa gbéra. Kò ku ohun mìíràn ju ìwé ìrìnnà.

Ó lọ bá Baba Àlejò. Mo wà níbẹ̀, mo gbé ẹ̀wù rẹ̀ tí mo lọ̀ lọ fún un.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìwé ìrìnnà mi."

"Kí lo fẹ́ lọ ṣe nílé?"

"Ojú ìyá mi ń lọ. Dókítà ní kò ní pẹ́ ṣú pátápátá. Ó ní òun fẹ́ rí mi kó tó di pé ohùn mi nìkan lòun á máa mọ̀."

"Fi àwòrán ránṣẹ́ sí i."

"Baba, ojú rẹ̀ ló ń lọ."

"Fi àwòrán ńlá ránṣẹ́."

Baba Àlejò wo ẹ̀wù tí mo lọ̀, ó ní kọ́là rẹ̀ kò le tó. Bí ọ̀rọ̀ ojú ìyá ṣe parí nìyẹn.

Àfi bí rédíò tó wà nínú yàrá mi ṣe sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní ìjọba ti ṣe òfin. Ẹnikẹ́ni tó bá gba ará ilẹ̀ òkèèrè síṣẹ́ kò gbọdọ̀ di ìwé ìrìnnà rẹ̀ mú, ìbáà ṣe fún ìtọ́jú, ìbáà ṣe fún ìfẹ́. Aláyẹ̀wò á máa lọ láti ibi iṣẹ́ kan sí òmíràn.

Ẹlẹ́rọ sáré lọ sọ fún Baba Àlejò.

"Òfin yẹn kì í ṣe tiyín," Baba Àlejò dá a lóhùn. "Àwọn ọ̀gá burúkú ló ń bá wí. Ojú ńlá ni àlejò ní, kò fi ríran. Padà sídìí ẹ̀rọ rẹ."

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì dé. Àwọn tó ní òtẹ́ẹ̀lì ńláńlá ń wá ilé ìfọṣọ kan ṣoṣo tí yóò máa fọ aṣọ ibùsùn wọn, aṣọ ìnura wọn àti aṣọ tábìlì wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní òfin tiwọn: àwọn kì í gbé iṣẹ́ fún ẹni tó bá di ìwé òṣìṣẹ́ mú, tàbí ẹni tó gba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kó tó fún un níṣẹ́. Aṣojú wọn àti aláyẹ̀wò ìjọba jọ ń bọ̀. Bí ohun gbogbo bá dára, wọn á gbé iṣẹ́ sílẹ̀, wọn á tún gbé pátákó ìyìn kọ́ sára ògiri. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni Ọ̀rẹ́ Òṣìṣẹ́ Àlejò. Ayàwòrán á wà níbẹ̀.

Baba Àlejò gbọ́ iṣẹ́. Ó gbọ́ pátákó. Ó gbọ́ ayàwòrán. Ìyókù gba etí kejì jáde.

Ó ra ìṣó tí yóò gbé pátákó náà kọ́ kí wọ́n tó wá. Ó kàn án mọ́ ògiri. Ní gbogbo àárọ̀ yẹn, ó ń wo ìṣó.

Lẹ́yìn náà ló kó wa jọ kó lè kọ́ wa ní ohun tí a máa sọ. Òpó ló kọ́kọ́ pè.

"Ká ní èmi ni aláyẹ̀wò. Ìwọ, níbo ni ìwé ìrìnnà rẹ wà?"

"Nínú àpótí irin yín, Baba."

"Orí ẹja! Wí pé ó wà nílé mi, lábẹ́ ìrọ̀rí mi."

"Ó wà nílé yín, lábẹ́ ìrọ̀rí yín."

"Ilé tèmi kọ́! Ilé tìrẹ!"

"Baba, ilé yín náà ni mò ń gbé. Yàrá ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ yìí."

"Ó dáa. Ìrọ̀rí tìrẹ."

"N kò ní ìrọ̀rí. Apá mi ni mo fi ń rọrí."

Baba Àlejò mí kanlẹ̀. Ó ní kí a lọ mú ìrọ̀rí nínú èyí tí àwọn oníbàárà kó wá fún fífọ̀, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ọ̀kan sórí ibùsùn rẹ̀, kí a sì dá wọn padà tí aláyẹ̀wò bá ti lọ. Kí a má rọrí lé wọn o. Wọ́n kàn máa wà níbẹ̀ ni.

Ó wá pe Ìyá Tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bí pátákó yẹn bá ti kọ́ sórí ìṣó, màá fún ọ ní ìwé rẹ. Bí o bá sọ̀rọ̀ bí kò ṣe yẹ, ìyá rẹ á máa fi etí mọ̀ ọ́."

"Mo gbọ́, Baba."

Ó ku ọ̀nà tí yóò gbà fi ìwé wa pamọ́, nítorí aláyẹ̀wò ti ránṣẹ́ pé òun á ṣí gbogbo ibi tó ní kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó ń ka èyí á ní kí ló dé tí kò kó wọn lọ sílé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ni. Obìnrin yẹn gbọ́ rédíò náà, ó ní ìwé ọmọ ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ wọ ilé òun, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ìwé ìrìnnà awakọ̀ rẹ̀ náà wà lára wọn. Bí ológbò bá ń ṣọ́ ẹja, ta ni yóò ṣọ́ ológbò? Baba Àlejò kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni láyé yìí àfi ara rẹ̀. Ara rẹ̀ ló wá kó wọn sí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ó wọ kóòtù dúdú kan wọlé. Kóòtù onírun tó nípọn ni, irú èyí tí ènìyàn ń wọ̀ níbi tí omi ti ń dì. Lọ́jọ́ yẹn, oòrùn ń jó àwọn òrùlé. Ó ti di bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn. Ikùn rẹ̀ ti tóbi sí i. Àyà rẹ̀ ti yọ síta. Ìbàdí rẹ̀ fẹ̀ lọ́tùn-ún ju òsì lọ, ó sì ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ tó gbé ẹrù.

Ẹlẹ́rọ kí i. "Baba, ẹ ti sanra láti àná."

"Ọlá ni."

"Ọlá yín ní igun, Baba."

"Wá ibi jókòó sí."

Àwọn àlejò dé. Aláyẹ̀wò jẹ́ obìnrin kúkurú kan tó wọ bàtà pẹlẹbẹ. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Aṣojú òtẹ́ẹ̀lì jẹ́ ọkùnrin kan tó máa ń gbọ́ òórùn aṣọ kó tó kí ènìyàn. Ó gbé aṣọ ibùsùn kan sókè, ó fi imú fà á, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́." Ayàwòrán tẹ̀ lé wọn, ó gbé pátákó ìyìn sínú àpò aṣọ kan lábẹ́ abíyá. Baba Àlejò rí i, ó sì wo ìṣó.

Àpótí irin ni aláyẹ̀wò kọ́kọ́ ní kí wọ́n ṣí. Baba Àlejò ṣí i bí ẹni tó ń ṣí ilé ìjọsìn.

"Ẹ wò ó! Ó mọ́ bí ọkàn mi."

"Ó ṣófo," ni aláyẹ̀wò wí.

Ó bá jáde wá sọ́dọ̀ wa. Ó bi Òpó pé níbo ni ìwé ìrìnnà rẹ̀ wà.

"Ó wà nílé mi, lábẹ́ ìrọ̀rí mi, mà."

Ó bi Ẹlẹ́rọ.

"Lábẹ́ ìrọ̀rí, mà."

Ó bi mí. Mo ní lábẹ́ ìrọ̀rí. Ó bi Ìyá Tábìlì. Baba Àlejò wúkọ́. Ìyá Tábìlì wo ilẹ̀, ó ní, "Lábẹ́ ìrọ̀rí, mà."

"Gbogbo yín pátá?"

Òpó ní, "Ìrọ̀rí ibí yìí dáa fún un, mà."

Aláyẹ̀wò kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí a máa lọ, kí a parí àbẹ̀wò iṣẹ́ ná, lẹ́yìn náà òun á lọ wo àwọn ìrọ̀rí yìí. Baba Àlejò gbọ́ èyí. Ó ní kí wọ́n tètè ya àwòrán.

Ayàwòrán ní kí ó gbá òṣìṣẹ́ kan mọ́ra. Ó na apá méjèèjì, ó gbá Òpó mọ́ra. Orí rẹ̀ mọ níbi àyà Òpó.

"Yéè!" Òpó fò sẹ́yìn. "Baba, kí lẹ wọ̀ sínú? Ẹ le bíi pákó!"

"Iṣan ni."

"Iṣan wo ló ń dún pàràpàrà?"

A wọ yàrá tí mo ti ń lọ aṣọ. Ooru tó wà níbẹ̀, bí o bá gbé ẹyin sílẹ̀, á jinná. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn láti iwájú orí Baba Àlejò, ó gba etí, ó wọnú kọ́là lọ.

Aláyẹ̀wò ní, "Ẹ bọ́ kóòtù yín, sà. Ooru pọ̀."

"Otútù ń mú mi."

"Òógùn bo ojú yín."

"Òógùn otútù ni. Ó máa ń ṣe ìdílé wa."

Aṣojú òtẹ́ẹ̀lì ní ṣé ara rẹ̀ yá. Baba Àlejò ní ara òun yá bíi ti ẹṣin, pé kí wọ́n tún ya àwòrán kan, òun pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́. Kò mú áyọ́ọ̀nù rí láyé. Ó gbé e bí ẹni gbé ejò. Ayàwòrán ní kó sún sẹ́yìn díẹ̀. Ó sún. Ó ní kó tún sún. Ó tún sún.

Mo ti se sítáàṣì sínú ọpọ́n ńlá kan láàárọ̀, èyí tí mo fẹ́ fi mú aṣọ tábìlì òtẹ́ẹ̀lì le. Ó ti tutù, ó sì ti ń ki. Mo ní, "Baba, ẹ̀yìn yín." Ó ní kí n má dí òun lọ́wọ́.

Ó jókòó sínú rẹ̀.

Ó dún bí ìgbà tí màlúù bá yọ ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Kóòtù náà fa sítáàṣì mu láti ìdí dé èjìká. A fà á jáde. Ó ń kán tótótó.

"Kò sí nǹkan!" ló ń pariwo. "Kò sí nǹkan! Ẹ jẹ́ ká gbé pátákó kọ́!"

Inú aṣojú òtẹ́ẹ̀lì dùn, ó pàtẹ́wọ́. "Èyí gan-an ni mo fẹ́ rí! Kóòtù onírun, sítáàṣì tútù. Ẹ jẹ́ ká rí bí ilé yín ṣe ń gba aṣọ tó dọ̀tí, láti orí tábìlì dé inú ẹ̀rọ. Bó bá dára, mo fọwọ́ sí iṣẹ́ lónìí."

Baba Àlejò wo kóòtù. Ó wo ìṣó. Iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ń fà á síwájú, kóòtù ń fà á sẹ́yìn, bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ igi méjì.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kó nǹkan mi jáde nínú àpò."

"Rárá o. Ọwọ́ òṣìṣẹ́ yín ni mo fẹ́ wò."

Òpó ti di apá ọ̀tún mú. Ẹlẹ́rọ ti di apá òsì mú. N kò rí àwọn méjèèjì kí wọ́n yára báyẹn rí. Kóòtù bọ́, wọ́n gbé e lọ sídìí tábìlì, gbogbo wa sì tẹ̀ lé wọn. Ó gba ẹni méjì láti gbé e.

Mo gbọ́dọ̀ sọ bí a ṣe ń gba aṣọ níbẹ̀. Oníbàárà kan ti sọ nígbà kan rí pé òrùka òun wà nínú àpò ṣòkòtò tí òun kó wá. Láti ọjọ́ náà ni Baba Àlejò ti ní kí ẹni tó wà nídìí tábìlì máa tú gbogbo àpò, kó máa fi igbe pe ohun tó bá rí, kí gbogbo ilé sì dáhùn pé a gbọ́, kí ẹ̀rí lè wà. Bí orúkọ bá wà lára nǹkan, kó pe orúkọ. Ó ti di bárakú fún wa. Nígbà mìíràn, tí mo bá ń sùn, tí ẹnì kan pariwo níta, mo máa ń ní a gbọ́.

Wọ́n tẹ́ kóòtù sílẹ̀ fún Ìyá Tábìlì. Ó gbé ọwọ́ lé e. Ó mọ ìwúwo aṣọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Bóyá ó ti mọ̀ nígbà yẹn, n kò bi í.

Baba Àlejò fi ohùn oyin bá a sọ̀rọ̀. "Ọmọ mi, tòní yàtọ̀. Gbé e lọ sínú ẹ̀rọ bó ṣe wà. Rántí Sátidé."

Ó gbójú sókè wò ó. Ó tún wo kóòtù.

"Baba, ẹ̀yin lẹ sọ pé bí kóòtù bá ti ọ̀run wá, kí n tú àpò rẹ̀."

"Mo ń ṣeré ni."

"Àwa kò mọ̀ pé eré ni." Ó ti ọwọ́ bọ àpò òde. "Dígí kékeré kan!"

"A gbọ́!"

"Òòyà kan!"

"A gbọ́!"

"Bisikíìtì kan, wọ́n ti gé e jẹ!"

"A gbọ́!"

Aṣojú òtẹ́ẹ̀lì ń mi orí, ó ní ètò yìí dára púpọ̀. Baba Àlejò ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú eyín nìkan.

Ìyá Tábìlì ti ọwọ́ bọ àpò inú. Ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ níbẹ̀. Ó fa nǹkan jáde.

"Ìwé ìrìnnà kan!"

Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Ó ṣí i. Orúkọ wà lára rẹ̀, ó sì pè é, orúkọ gidi tí ìyá Òpó sọ ọ́. A kò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Òpó fúnra rẹ̀ wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ni.

"Èmi ni o!" ló wá ké. "Èmi ni wọ́n ń jẹ́ bẹ́ẹ̀!"

Ohùn kan sọ lẹ́yìn wa pé, "A gbọ́." Aláyẹ̀wò ni.

Láti ibẹ̀ lọ, kò dúró mọ́. Ìwé kan, orúkọ kan. Ìwé kan, orúkọ kan. Ẹlẹ́rọ dáhùn, ó ń jó. Awakọ̀ sá wọlé láti ìta nígbà tó gbọ́ tirẹ̀. Mo dáhùn tèmi. Gbogbo ilé ń ké a gbọ́ bí ọmọ iléèwé, ayàwòrán náà wà nínú rẹ̀.

"Ẹ dúró!" Baba Àlejò na ọwọ́ sókè. "Ẹ kò rí i bí mo ṣe fẹ́ràn wọn tó? Àyà mi ni mo kó wọn sí!"

Aláyẹ̀wò ní, "Wọ́n ní lábẹ́ ìrọ̀rí ni wọ́n wà."

"Àyà mi ni ìrọ̀rí wọn!"

Òpó ní, "Ìrọ̀rí yìí le o."

Ẹ̀rín sọ. Ṣùgbọ́n Ìyá Tábìlì kò rẹ́rìn-ín. Ó ti yí kóòtù náà padà sínú sóde. Ó tú àpò inú, ó tú àpò òde, ó fọwọ́ wá etí aṣọ yíká. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

"Àpò ti tán," ó wí.

Aláyẹ̀wò bi í pé, "Ta ló kù?"

"Èmi, mà. Ọjọ́ Sátidé ni mo fẹ́ lọ. Ojú ìyá mi ń lọ."

Gbogbo wa yíjú sí Baba Àlejò. Ó ń wo òrùlé. Ó ní bóyá ti obìnrin yìí nìkan ló wà lábẹ́ ìrọ̀rí lóòótọ́. Ó ní òun kò lè mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti lọ sí ìdí, ó bo àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀.

Ìyá Tábìlì rí ọwọ́ náà.

"Baba, ṣòkòtò yín náà dọ̀tí."

"Kò dọ̀tí púpọ̀."

"Aṣọ tó dọ̀tí ní láti wá sórí tábìlì."

"Níwájú àlejò?"

Ẹlẹ́rọ ní, "Àwa náà ni àlejò, Baba. A ti ń wò yín tipẹ́."

Òpó tẹ̀ síwájú ìgbésẹ̀ kan. Ìgbésẹ̀ Òpó gùn. Baba Àlejò yára ti ọwọ́ bọ àpò ẹ̀yìn, ó fa ìwé náà jáde. Sítáàṣì ti bò ó. Ó nà án jáde bí ẹni tó ń ṣe ọrẹ.

"Mo yà á sọ́tọ̀ ni," ló wí. "Ọmọ tí mo fẹ́ràn jù ni."

Obìnrin náà kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó na aṣọ ìnura funfun síwájú, ó ní kó gbé e lé e. Ó nù ún. Ó ṣí i ní ewé kọ̀ọ̀kan. Mo gbé áyọ́ọ̀nù tí iná rẹ̀ ti kú wá, mo tẹ́ aṣọ lé èèpo ìwé náà, mo rọra tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìn ìwé nìkan ló rin. Àwòrán rẹ̀ wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́.

Aláyẹ̀wò wò ó, ó ní kò sí ohun tó ṣe é. Ó ní kó máa lọ di ẹrù rẹ̀. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá dí i lọ́nà láti òní dé Sátidé, ọ̀dọ̀ òun ni kó wá tààrà.

"A gbọ́," ni Ìyá Tábìlì wí. Ó ti di bárakú. Ó wá fi ẹ̀wù nu ojú.

Ayàwòrán bi aṣojú òtẹ́ẹ̀lì bóyá kí òun gbé pátákó ìyìn jáde. Aṣojú wò ó bí ẹni tó gbọ́ òórùn nǹkan. Ayàwòrán dá pátákó padà sínú àpò aṣọ.

Mo rò ó, mo sì sọ ọ́. "Ẹ̀yin ará òtẹ́ẹ̀lì, bí ẹ bá gbé iṣẹ́ yín lọ, àwa ńkọ́? Ìwé ti wà lọ́wọ́ wa. Ìwé kò ṣeé jẹ."

"Ẹ kò ṣẹ̀ wá, Bàbá," ló dá mi lóhùn. "Aṣọ yín mọ́. Iṣẹ́ á dúró níbí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló máa gbà kọjá. Èmi àti ìjọba á yan ẹni tó máa bójú tó ilé yìí ná, ẹ̀yin náà á sì yan ẹni tó máa bá wa sọ̀rọ̀ fún yín. A máa padà wá. A kò ní ránṣẹ́ ṣáájú."

Ẹlẹ́rọ ní, "Ẹ má ránṣẹ́ rárá, sà."

Baba Àlejò ti jókòó sórí àga rọ́bà kan lẹ́bàá ògiri nígbà tí gbogbo èyí ń lọ. Kò sẹ́ni tó ní kó jókòó. Aláyẹ̀wò ń bá wa sọ̀rọ̀ lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ó béèrè ibi tí a ń sùn, ó lọ wo yàrá ẹ̀yìn, ó bá ìrọ̀rí àwọn oníbàárà lórí ibùsùn wa, ó padà wá. Ó pẹ́ díẹ̀. Ooru ilé yẹn kì í jẹ́ kí nǹkan tutù pẹ́. Sítáàṣì ni mo mọ̀, mo sì ti mọ̀ pé ó ń gbẹ. N kò sọ nǹkan.

Aláyẹ̀wò dúró níwájú rẹ̀. "Ó yá, sà. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọ́fíìsì. Ẹ máa wá ṣàlàyé àyà yín fún wa."

"Lónìí?"

"Nísinsìnyí."

Ó dìde. Àga náà dìde pẹ̀lú rẹ̀.

Ó jókòó padà, ó tún dìde. Àga kò kúrò lára rẹ̀. Ó mi ìdí sọ́tùn-ún, àga mi. Ó mi ìdí sósì, àga mi. Ṣòkòtò rẹ̀ ti le gbagidi, ó ń dún bí ewé gbígbẹ. Òpó ní ká fi omi gbígbóná sí i. Ẹlẹ́rọ ní ká sọ gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, àga àti ẹni tó jókòó. Kò sẹ́ni tó lọ bu omi.

Ayàwòrán gbé kámẹ́rà sókè.

Baba Àlejò rí kámẹ́rà. Ó na ọrùn. Ó fi ọwọ́ tún irun ṣe. Ó gbá apá àga mú lọ́tùn-ún lósì, bí ẹni tó dìídì fẹ́ gbé e lọ, ó rẹ́rìn-ín sí ayàwòrán, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ gba ẹnu ọ̀nà jáde, nítorí àga náà kò gba iwájú kọjá.